Ẹ̀jẹ̀ Màmá Mi Mọ́, Orúnkún Wọn Kò Mọ́

Ọdún kejì tí wọ́n ti pààrọ̀ orúnkún ọ̀tún màmá mi ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Wọ́n á jókòó síwájú ilé wa ní Òkèsà, n'Íléṣà, wọ́n á ní, "Àkànní, wá fọwọ́ kàn án." Ti ọ̀tún gbóná ju ti òsì lọ. Kò wú púpọ̀, ibà kò sì mú wọn.

Mo gba kẹ́míìsì lọ. Mo ra oògùn apakòkòrò ọlọ́jọ́ márùn-ún, ìrora náà rọlẹ̀. Nígbà tó tún dé, mo tún rà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, inú mi sì ń dùn pé mo ń tọ́jú ìyá mi. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, pé àgbà ló dé. Oṣù mẹ́rin ló bá ọ̀rọ̀ yẹn lọ.

Dókítà eegun tó là wá lójú n'Ílé-Ifẹ̀ sọ pé, "Màmá, bí wọ́n bá ń jà nínú yàrá, ẹni tó wà ní títì lè má gbọ́." Ó ní kòkòrò máa ń lẹ̀ mọ́ irin àti ike tí wọ́n fi ṣe orúnkún náà, á wá fi ohun yíyọ̀ bo ara rẹ̀, bí èyí tó máa ń wà nínú ìkòkò omi tí a kò fọ̀. Oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí í gbèjà ara á rọ́ débẹ̀, wọ́n á tú èròjà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò sínú omi oríkèé. Alpha-defensin ni wọ́n ń pe ọ̀kan. Ó lè kún ibẹ̀ fọ́fọ́, kí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní apá má fi nǹkan kan hàn. Kì í ṣe gbogbo lábù ló ń yẹ ìyẹn wò, ṣùgbọ́n wọ́n lè ka sẹ́ẹ̀lì funfun inú omi náà. Fún orúnkún tó ti pẹ́ bíi tiwọn, bí ó bá lé ní 3,000 nínú microlitre kan (ìdá kan nínú mílíọ̀nù lítà kan), tàbí tí neutrophil, ẹ̀yà kan lára sẹ́ẹ̀lì funfun, bá kó ju ìdá 80 nínú 100 wọn lọ, ìfura ti wọlé.

Ó ní kí a dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ná, torí èyí tí mo ń rà lè má jẹ́ kí kòkòrò hù ní lábù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹni yín bá ní irin lára, ẹ má ra apakòkòrò fún un kí wọ́n tó fa omi ibẹ̀. Dídá a dúró pàápàá, dókítà ni kó sọ ọ́. Bí ara rẹ̀ bá ń gbóná tó ń gbọ̀n, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.

Ojú mi ni wọ́n ṣe fa omi náà. Ó yẹ kó mọ́ bí òróró. Èyí tó jáde dàrú bí omi ògì.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé ẹran ara yíká irin náà níbi márùn-ún, irinṣẹ́ ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí kòkòrò awọ ara lè kó sí ọ̀kan. Bó bá jẹ́ kòkòrò kan náà ló hù nínú méjì, ó dájú pé òun ló wà nínú orúnkún náà. Ọjọ́ 14 ni lábù fi ṣọ́ ọ. Nínú mẹ́ta, kòkòrò kan náà ni. Wọ́n ti yọ irin náà, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì eegun tó ní oògùn dí àyè rẹ̀. Màmá lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó fi irin mìíràn sí i.

Màmá mi ti ń rìn lọ sí ọjà Àtàkúmọ́sà báyìí. Ìwé pélébé kan wà nínú àpò mi: oògùn tí wọ́n lò, ọjọ́ tí wọ́n lò ó. Lálaalẹ́ ni mo ṣì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orúnkún méjèèjì.