Ẹran Ẹ̀gbọ́n Mi Ò Jinná

Òwò kajú ló gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dé Vietnam. Ọ̀pọ̀ kajú tí wọ́n ń rà l'Ógbómọ̀ṣọ́, ọ̀hún ló ń bá lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á yọ ọmọ inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, bí wọ́n bá wọ Micra n'Íbàdàn, owó èèyàn méjì ni wọ́n ń san, ẹni kẹta á sì tún fún mọ́ gíláàsì.

Láàárọ̀ kùtù, ebi lé wa dé ìsọ̀ oníphở kan, ìyẹn núdùlù olómi ẹran tiwọn, lẹ́bàá títì ní Saigon, tí ìjọba ń pè ní Ho Chi Minh City báyìí. Àpótí oníke kékeré làwọn oníbàárà ń jókòó lé. Ẹ̀gbọ́n wo àpótí, wọ́n wò mí.

"Orí èyí ni kí n jókòó sí?"

Wọ́n jókòó. Àpótí ké, ó sì gbà fún Ọlọ́run.

Ìyá tó ń tà á gbé àwo ńlá méjì sílẹ̀. Egungun màlúù tí wọ́n ti ń sè láti òru ni omi rẹ̀, ó mọ́ gaara, òórùn atalẹ̀ àti àlùbọ́sà tí wọ́n kọ́kọ́ yan lórí iná ń lọ wọnú imú tààrà. Núdùlù onírẹsì, funfun, pẹlẹbẹ, wà nísàlẹ̀. Òkè rẹ̀ ni wàhálà wà: ẹran màlúù tí wọ́n rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pupa yòò.

"Àbúrò, ẹran yìí ò jinná."

Mo ní omi gbígbóná yẹn náà ni yóò sè é, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ níbí nìyẹn. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe kìnnìún. Wọ́n pe ìyá náà, wọ́n na ìka sí ẹran, wọ́n fẹnu ṣe bí iná: "Fùùù!" Ìyá rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó sáré lọ, ó sì tún kó ẹran tútù mìíràn wá, ó dà á lé ti tẹ́lẹ̀.

Ojú ẹ̀gbọ́n wá bọ́ sórí àwo ewé tí wọ́n gbé sáàárín wa, pẹ̀lú èéhù ẹ̀wà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata. Wọ́n mú ewé kan, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Efinrin!"

Efinrin ni lóòótọ́, tàbí ká ní ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Wọ́n já gbogbo rẹ̀ sínú àwo títí a ò rí ẹran mọ́. (Igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ṣíbí la lò.) Nígbà tí wọ́n fi máa wá ẹran kàn lábẹ́ ewé, ó ti jinná dáadáa.

"Ṣé o rí i? Efinrin ló sè é."

Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fá omi rẹ̀ gbẹ, wọ́n dìde. Àpótí bá wọn dìde. Ó há mọ́ wọn ní ìdí pinpin. Ọmọ ìyá náà méjì fà á, èmi náà fà á, kò gbọ́. Gbogbo ìsọ̀ ń rẹ́rìn-ín, foonu ti jáde.

Ẹ̀gbọ́n ṣe sùúrù, wọ́n rọra padà jókòó.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Sọ fún ìyá yẹn kó bu òmíràn wá."