Tẹ́ ẹ bá kúnlẹ̀, ta ló ń wo àwọn tó kù? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ fáàsì éèdì

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kọ́ọ̀sì fáàsì éèdì, okun o. Mo rí fọ́tò tẹ́ ẹ yà pẹ̀lú sátífíkéètì yín, inú mi dùn gan-an, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ kí wọ́n tó pè yín lọ sójú títì. Kéèyàn tọ́jú ẹnì kan tó fara pa, ọ̀tọ̀ ni. Kó wá máa darí ibi tí èèyàn mẹ́tàlá ti fara pa lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀tọ̀ nìyẹn, èmi ò sì mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n títí ọjọ́ kan.

Mo ti ṣe kọ́ọ̀sì onípò gíga tán nígbà yẹn o, kò tíì pé oṣù kan. À ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja, à ń lọ sí Kabba, a ti kọjá Obajana, ni bọ́ọ̀sì kan tó wà níwájú wa bá yà bàrá wọ inú igbó. Mo bọ́ sílẹ̀, mo sáré lọ, obìnrin kan ń ké "ẹ gbà mí o, ẹ gbà mí o", ẹ̀jẹ̀ ti bo gbogbo apá ẹ̀, ni mo bá kúnlẹ̀ tì í. Mo fọwọ́ tẹ ojú egbò náà, mo mú báńdéèjì, mo dì í bí wọ́n ṣe kọ́ wa gẹ́lẹ́, ó sì gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́fà méje. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn mi tó nà gbalaja, bóyá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò ké, kò mira, ẹ̀jẹ̀ àti èébì kún ẹnu ẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó ń hanrun. Ẹnì kan ti bu omi wá tó fẹ́ dà á sí i lẹ́nu. Màmá kan tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló gbá ife omi yẹn dànù, ó ní kí ọkùnrin kan bá òun di orí ọmọ náà mú kó má yí dànù, wọ́n jọ yí i sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo nǹkan tó wà lẹ́nu ẹ̀ sì dà sílẹ̀, ló bá mí kanlẹ̀.

Ọmọ yẹn yè. Kì í ṣe èmi ni mo gbà á là.

Obìnrin tí mo dì lápá, egbò ẹ̀ ò jìn rárá, ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ lójú. Ìgbà tí mo délé ni mo wá ń rò ó pé ẹni tó ń pariwo, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ṣí nìyẹn, ó ń mí nìyẹn. Ẹni tó dákẹ́ ló yẹ kí n kọ́kọ́ lọ bá. Wọ́n sì kọ́ wa o, mo kọ ọ́ sínú ìwé pàápàá, ṣùgbọ́n igbe èèyàn máa ń fa ẹsẹ̀ ẹni.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń darí kì í kúnlẹ̀. Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ ti lè rí gbogbo èèyàn, ìwé àti bírò ni kó wà lọ́wọ́ yín. Ohun méjì péré ló lè mú yín kúnlẹ̀: kẹ́ ẹ yí ẹni tí nǹkan ń dí lọ́fun sí ẹ̀gbẹ́, àbí kẹ́ ẹ dá ẹ̀jẹ̀ tó ń tú yàà dúró. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, ẹ fa ẹlòmíì lé e, kẹ́ ẹ dìde. Mo mọ̀ pé ó máa dà bíi pé ẹ ò láàánú, àwọn èèyàn á máa wò yín pé kí lẹ̀ ń dúró wò. Ẹ fara dà á.

Kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ibẹ̀ rárá, ẹ wo ohun tó lè pa ẹ̀yin náà: wáyà iná tó já, mọ́tò tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, òórùn pẹtiróòlù. Tó bá jẹ́ tánkà epo ló dànù, ẹ lé gbogbo èèyàn jìnnà, títí kan àwọn tó gbé kẹ́ẹ̀gì dání, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá kígbe pé "ẹni tó bá lè rìn, kó wá sábẹ́ igi yìí". Àwọ̀ la fi ń pín àwọn tó fara pa, ká lè mọ ẹni tá a máa kọ́kọ́ tọ́jú. Àwọn tó bá rìn wá, àwọ̀ ewé ni wọ́n, wọ́n lè dúró díẹ̀. Ẹ wá lọ bá àwọn tó kù níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ má lò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí ẹnì kan. Ẹni tó bá ń mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, pupa ni, àwọn pupa la máa kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹni tẹ́ ò bá rí ìlùkìkì ọrùn ọwọ́ ẹ̀, pupa. Ẹni tẹ́ ẹ sọ fún pé "di ọwọ́ mi mú" tí kò lè ṣe é, pupa. Ẹni tí kò lè rìn ṣùgbọ́n tí gbogbo ìyẹn dáa lára ẹ̀, yẹ́lò, òun ló tẹ̀ lé pupa. Ẹni tí kò mí, ẹ ṣí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, tí kò bá ṣì mí, dúdú nìyẹn, ẹ ó sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ibi dúdú yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀, torí ní kíláàsì wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni ń ka ABD. Níbí ní ọ̀dọ̀ tiwa nílẹ̀ Okun, láti Ìyàgbà dé Ìjùmú dé Ọ̀wọ̀rọ̀, ta lẹ ò mọ̀? Ẹni tó dùbúlẹ̀ yẹn lè jẹ́ ọmọ tíṣà yín, ó lè jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ kọrin nínú kwáyà lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, màmá ẹ̀ lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kó máa fà yín láṣọ. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló fara pa, títẹ àyà ni, ìgbà 30 kẹ́ ẹ fún un ní èémí 2, kí ìtẹ̀ náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, kó yá tó ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíì sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì méjì torí ó máa ń rẹ apá, aago yẹn sì ni iṣẹ́ ẹni tó ń darí. Ṣùgbọ́n tí èèyàn mẹ́ta pupa bá wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ sì jẹ́ méjì péré, ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń tẹ àyà ẹni tí kò mí mọ́, ara ẹni tó ṣì ń mí lẹ ti yọ ọ́. Èmi ti kọjá lára ẹnì kan bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣì máa ń rántí ojú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ máa gbàgbé.

Ohun tí kọ́ọ̀sì ò kọ́ mi rárá ni bí ọmọdé ṣe ń darí àgbà. Ẹ rò ó wò, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó fẹ́ máa pàṣẹ fún bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún lójú títì, "ẹ kúrò níbẹ̀!" Mo gbìyànjú ẹ̀ nígbà kan, bàbá kan ní ọmọ ta ni mí, ìṣẹ́jú tó yẹ ká fi ṣiṣẹ́ la fi ń bá ara wa jà. Ẹ má lé àgbà, ẹ fún un níṣẹ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín, ẹ bá mi dá mọ́tò dúró lọ́hùn-ún." Wọ́n á lọ ni, wọ́n á sì ṣe é dáadáa ju bí ọmọdé ṣe lè ṣe é lọ. Wọ́n á já ewé sójú títì lẹ́yìn àti níwájú, ariwo á sì rọlẹ̀. Àwọn màmá ni mo máa ń bẹ̀ pé kí wọ́n jókòó ti àwọn ọmọdé tó fara pa. Ẹ nàka sí ẹnì kan pàtó, "bọ̀ọ̀dá tó wọ pupa", torí tẹ́ ẹ bá ní "ẹ bá wa pe Road Safety o", gbogbo èèyàn á rò pé ẹlòmíì ti pè. 122 ni nọ́ńbà tiwọn, 112 sì wà fún gbogbo pàjáwìrì. Kí ẹni tẹ́ ẹ rán níṣẹ́ tún un sọ fún yín kó tó lọ. Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò bá sí, ibi tí òkè ti dí wa mọ́ pọ̀ lágbègbè yìí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi rán ọlọ́kadà: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, èèyàn mélòó, pupa mélòó.

Aago náà ńkọ́? Mo ti dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́sẹ̀ ọ̀gbẹ́ni kan rí, mo so tọ́níkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀já tí wọ́n fi ń fún ẹsẹ̀ tàbí apá pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, mo so ó le dáadáa, ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí mẹ́rin sókè egbò, kì í ṣe lórí orúnkún, gbogbo ẹ̀ péye. A dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí pé aago mélòó lo so ó? Mi ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì náà wò mí, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, bírò kì í kúrò lápò mi, mo máa ń kọ aago sára aṣọ tàbí iwájú orí ẹni náà. Kẹ́ ẹ sì má tú u lójú ọ̀nà pé kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dá.

Tó bá jẹ́ ìbọn ló ba èèyàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ lọ gba ìwé ọlọ́pàá kọ́kọ́. Òfin tó jáde ní 2017 ti ní kí ọsibítù gbà á, ìwé wà tàbí kò sí.

Ẹni tí kò mọ ara ẹ̀, ẹ má fún un lómi. Ẹni tí gìrì mú, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Iná jó o, omi tútù tó ń ṣàn fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ejò bù ú lóko, ẹ má gé ojú ẹ̀, ẹ má fa á lẹ́nu, ẹ má so okùn mọ́ ọn, ẹ fi igi tọ́ ẹsẹ̀ náà kó má mira, kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní oògùn oró ejò, kó má rìn.

Tí gbogbo ẹ̀ bá ti parí, ẹ má túká bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń ṣe é ò lè jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọmọ kékeré kan kú lọ́wọ́ ẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyá ẹ̀ ló wá bá mi. Báyìí, a máa ń jókòó, ká mu omi, kí kálukú sọ ohun tó rí, kó sọ ohun tó dùn ún, ẹni tó bá fẹ́ sunkún kó sunkún. Ọjọ́ kejì mo máa ń pe gbogbo wọn lórí fóònù.

Màmá alágàárì yẹn, mo padà lọ wá wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní màmá, okun o, ta ló kọ́ yín? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn, ọmọ àwọn kan ni wárápá máa ń gbé, àwọn ti yí i sí ẹ̀gbẹ́ títí àwọn fi mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀ nígbà tá a bá ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Wọ́n máa ń wá, wọ́n á ti aṣọ wọn bọ ìbàdí, wọ́n á ní kí ọmọ kan dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kí èkejì di orí mú, àwọn á sì máa ka "ọ̀kan, èjì, yí i."