Àwọn tó ń lo búlọ́ọ̀gì gan-an ló ń gbé e dúró

Tẹ́nì kan bá bi mí pé ibo ni kóun ti bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gì, mi ò kì í kọ́kọ́ wo bí ibẹ̀ ṣe rẹwà tó, ohun tí mo máa ń wò ni bóyá àwọn tó ń lò ó ní sáìtì tiwọn tí wọ́n ti ń ran ara wọn lọ́wọ́. Tí kò bá sí, mo máa ń ní kó wá ibòmíì.

Ṣebí ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí, ẹ fi plugin tuntun kan (ìyẹn àfikún tó ń mú kí sáìtì ṣe ohun tuntun) sí WordPress, software tí wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀gì, sáìtì wá funfun báláú, ẹ ò lè wọ dashboard, ibi tẹ́ ẹ ti ń darí ẹ̀ mọ́, ọkàn yín ti ń já. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wá error yẹn lórí Google, ẹ máa bá ẹnì kan tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, wọ́n á ti sọ fún un pé kó wọ inú wp-content, fódà kan tó wà lára fáìlì sáìtì ẹ̀, kó yí orúkọ fódà plugins padà kó wá wò ó bóyá sáìtì máa ṣí, ó sì ṣí! Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè ní WordPress.org, ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn, wọ́n kàn fẹ́ kí ti ẹlòmíì náà ṣiṣẹ́ ni, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an.

WordPress fúnra ẹ̀, ọwọ́ àwọn aṣàmúlò náà ló ti wá. Michel Valdrighi ló kọ software búlọ́ọ̀gì kan tó ń jẹ́ b2, nígbà tó yá wọn ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Ní January 2003, Matt Mullenweg tó ń lo b2 yẹn kọ ọ́ sórí búlọ́ọ̀gì ẹ̀ pé òun ń rò ó láti máa bá iṣẹ́ náà lọ, Mike Little tó wà ní Ìlú Ọba lọ́hùn-ún kọ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ ẹ̀ pé òun ṣe tán láti ràn án lọ́wọ́, nígbà tó máa fi di May 27 ọdún yẹn WordPress ti jáde. Kọ́mẹ́ǹtì lásán o! Àwọn méjèèjì ò tíì fojú kanra rí nígbà yẹn.

Ti LiveJournal, sáìtì búlọ́ọ̀gì míì, ló wú mi lórí jù. Brad Fitzpatrick ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1999, àwọn tó ń lò ó ló tún ń dá àwọn tó bá níṣòro lóhùn. Wọ́n tà á fún ilé-iṣẹ́ Six Apart ní 2005, wọ́n tún tà á fún SUP, ilé-iṣẹ́ kan ní Rọ́ṣíà, ní 2007, inú ọ̀pọ̀ èèyàn ò dùn. Kí ni wọ́n ṣe? Kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba nígbà yẹn, ni àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí bá mú un, wọ́n fi kọ́ Dreamwidth, wọ́n ṣí i ní 2009, kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, èèyàn sì lè kó gbogbo ohun tó ti kọ sí LiveJournal wá síbẹ̀ tòun ti kọ́mẹ́ǹtì. Ó ṣì wà di báyìí.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn sáìtì táwọn aṣàmúlò dá sílẹ̀ fúnra wọn ju èyí tó wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ lọ, torí tílé-iṣẹ́ bá ti kógbá sílé, gbogbo ohun tó wà lórí sáìtì wọn lè bá a lọ. Posterous, sáìtì búlọ́ọ̀gì kan, kógbá sílé ní April 30, 2013. Typepad tóun náà jẹ́ sáìtì búlọ́ọ̀gì kéde ní August 2025 pé àwọn ń lọ, nígbà tó di September 30 ó ti tán. Oṣù kan péré fún ẹni tó ti ń kọ̀wé síbẹ̀ bọ̀ láti ọdún gbọọrọ!

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ń dùn mí o. Ẹnì kan á béèrè ìbéèrè, wọ́n á ràn án lọ́wọ́, á wá kọ "mo ti rí i ṣe" á sì lọ, kò ní sọ ohun tó ṣe. Ẹ padà lọ kọ ọ́ jàre, ẹ kọ version tẹ́ ẹ ń lò sí i pẹ̀lú, ẹlòmíì ń bọ̀ wá wá a.

Ẹ tún máa ṣe export, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ máa wa ẹ̀dà ohun tẹ́ ẹ ti kọ jáde. Fáìlì XML tí WordPress máa ń fún yín, ọ̀rọ̀ ló wà nínú ẹ̀, àwòrán ò sí níbẹ̀, líǹkì wọn nìkan ló wà níbẹ̀, torí náà ẹ wa àwọn àwòrán yín jáde lọ́tọ̀.