Afẹ́fẹ́ lásán ni kọ̀ǹpútà mi ń kà

Ọdún méjì gbáko ni mo fi tẹjú mọ́ máíkírósíkóòpù, tí mò ń ka plankton, àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó ń léfòó kiri, inú omi Ọ̀sà Èkó. Gíláàsì tí a fi ń kà á kò gbà ju mílílítà 1 lọ, ṣùgbọ́n ojú onígun mẹ́rin kéékèèké 1,000 ni wọ́n fà sára rẹ̀. Ẹ wo ojú kan, ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀, ẹ sún sí èkejì. Bí ẹnìkan bá ti wọlé pé "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o", iye tí mo kà dé ti fò lọ nìyẹn.

Ìdí rèé tí inú mi fi dùn nígbà tí mo gbọ́ nípa Imaging FlowCytobot, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí òkun Woods Hole, ní Amẹ́ríkà. Inú omi ló ń gbé. Á fa omi mu, á ya àwọn ohun tíntìntín inú rẹ̀ ní fọ́tò, kọ̀ǹpútà á sì ṣà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dún 2008, òun ló tú àṣírí Dinophysis, plankton olóró kan, ní Port Aransas, ní Texas. Oró nǹkan yìí a máa wọnú oyster, ẹran omi oníkarahun, ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa yàgbẹ́ gbuuru. Kíá ni wọ́n dá ìkórè oyster dúró.

Owó ẹ̀rọ yẹn kọjá agbára mi. Fóònù ni mo gbé lé ojú máíkírósíkóòpù láti fi ya fọ́tò. Àwọn ará Woods Hole ti kó fọ́tò tó ju mílíọ̀nù 3 sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi mú díẹ̀ níbẹ̀, ó fi kọ́ kọ̀ǹpútà wa láti dá plankton mọ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ ká mú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Omi oṣù keje la kọ́kọ́ fún un. Ó ní Coscinodiscus 412, ìyẹn ọ̀kan lára plankton tí wọ́n ń pè ní diatom, tó fẹ́ràn omi iyọ̀. Mo ní irọ́ ni! Òjò ti lé iyọ̀ jáde nínú ọ̀sà nígbà yẹn, èyí tí mo máa ń rí kì í tó bẹ́ẹ̀. Mo bá ṣí fọ́tò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí roboto lóòótọ́, etí rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́ gaara. Coscinodiscus ní ihò wínníwínní bí asẹ́. Asẹ́ gan-an ni àwọn Gíríìkì ń pè ní koskinon, ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Àṣé afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ gíláàsì ló ń kà fún mi!

A ya àyè tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún afẹ́fẹ́, 412 já wálẹ̀ sí 19. Ó wá ku èérún pákó. Ẹ̀bá Òkòbàbà ni mo ti bu omi náà, nígbà tí wọ́n ṣì ń la pákó níbẹ̀. Èérún tó bá ti gùn, kọ̀ǹpútà á ní diatom ni. N kò bá a wí. Ta ló fi pákó Òkòbàbà hàn án rí? Títí di òru àná, mo ti ṣa fọ́tò èérún 600 jọ. Àbúrò mi yọjú, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé plankton lẹ ń kà ni, àbí ẹ ti di onípákó?"