Ẹ yí i padà, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀

Àwòrán mẹ́fà tí mo yà sórí kánfáàsì ni mo gbé kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ìpàtẹ mi àkọ́kọ́ ní gálárì kan l'Ékòó, lọ́dún 2017. Nígbà tí ìpàtẹ parí, wọ́n san owó ọ̀kan tó tà, wọ́n kó mẹ́rin padà fún mi. Ìkẹfà ńkọ́? Wọ́n ní márùn-ún ni mo kó wá. Wọ́n bi mí pé ìwé wo ni wọ́n fọwọ́ sí fún mi. Mi ò rí èsì fọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó gba ẹrù lọ́wọ́ mi ti sọ pé, "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹbí kan náà ni wá," èmi náà sì rẹ́rìn-ín, mo padà sílé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ àkọsílẹ̀ ṣe ni mo gbé dàgbà. Ìyá àgbà tó bí ìyá mi ń hun aṣọ ọlọ́nà, ìyẹn ìtagbè tí àwọn Òṣùgbó (Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú) ń gbé kọ́ èjìká. Òfì obìnrin ni, èyí tó dúró ti ara ògiri, kì í ṣe ti ọkùnrin tí wọ́n ń na òwú rẹ̀ lọ síta. Bó bá hun dé ibi tí ọnà wà, á máa fa òwú jáde díẹ̀díẹ̀ títí ojú aṣọ á fi rí bí inú ṣàkì màlúù. Ṣàkì náà la sì ń pè é. Ìyá àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìlà èédú kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ìlà gígùn ni aṣọ tó jáde, ìlà kúkúrú ni owó tó wọlé. Bí ẹni tó ra aṣọ láwìn bá yà kí i, yóò jẹ́ kó jókòó, yóò bù ú lómi mu, yóò wá rọra ti ilẹ̀kùn, kí onítọ̀hún lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ní sọ nǹkan kan. Èmi tí mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà nílé ìwé, mi ò ní ìlà èédú ẹyọ kan.

Ní báyìí, ìwé ẹlẹ́yìn líle kan wà ní sítúdíò mi, irú èyí tí àwọn ọlọ́jà Òkè Àje fi ń kọ gbèsè. Iṣẹ́ kan, ojú ewé kan. Mo ń kọ nọ́mbà rẹ̀, orúkọ rẹ̀, ọdún, gígùn àti ìbú, ohun tí mo fi ṣe é, iye tí mo fẹ́ tà á, àti ibi tó wà. Tó bá fẹ́ jáde, ẹni tó gbà á á fọwọ́ sí i. Tí ẹni náà bá ní ẹbí ni wá, mo máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣáà fọwọ́ sí i.

Nọ́mbà yẹn náà ni mo ń kọ sẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ má kọ ọ́ sára igi tí a kan kánfáàsì mọ́ nìkan, nítorí ẹni tó bá rà á lè mú un lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kó pààrọ̀ igi. Etí kánfáàsì tó ṣẹ́ sẹ́yìn ni mo ń kọ ọ́ sí, pẹ́ńsù ni mo sì ń lò. Yíǹkì lè là á kọjá wá sójú iṣẹ́.

Mo tún ń ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ kó tó kúrò nílé. Èyí jáde látinú ìtìjú. Nínú mẹ́rin tí wọ́n kó padà fún mi, ọ̀kan ti ní àmì róbótóróbótó káàkiri ojú rẹ̀, bí ara ọmọ tí ṣáṣá bò. Mo gbaná jẹ, mo fẹ́ pe gálárì kí n bú wọn. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé ọwọ́ mi ni. Náílọ̀n tí atẹ́gùn wú lójú lójú yẹn ni mo fi dì í, mo kọjú ibi tó wú sí ọ̀dà, mo fún un pinpin, ọkọ̀ wá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ nínú oòrùn. Ọ̀dà acrylic tí mo ń lò máa ń rọ̀ nínú ooru, bó ti wù kó ti gbẹ tó. Ó tún burú fún irú iṣẹ́ tèmi, torí abẹ́rẹ́ ni mo fi ń fa òwú jáde lójú kánfáàsì kí ó lè ní ṣàkì bíi ti Ìyá àgbà, gbogbo òwú náà sì ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bébà tí àwọn oníkéèkì ń tẹ́ sínú páànù ni mo fi ń bò ó báyìí kí n tó wé náílọ̀n, ibi tó wú á sì kọjú síta.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Àwọn gálárì tí mo ti bá ṣiṣẹ́ ń gba 40 sí 50 náírà nínú 100 náírà tí iṣẹ́ bá pa. Iye tí wọ́n ń tà á ní gálárì náà ni mo ń tà á nílé. Àwọn kan máa ń wa mọ́tò wá sí Ìjẹ̀bú pé kí n yọ owó gálárì kúrò. Mo máa ń fún wọn ní ìkọ́kọrẹ́ jẹ.

Lẹ́yìn Òjúde Ọba 2024, tí fọ́tò àwọn ẹlẹ́ṣin gba gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹṣin ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Mo ya mẹ́ta. Lójú ewé ẹ̀kẹta, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: ó tó.

Ẹni tó ra ọ̀kan nínú wọn fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ rẹ̀. Kánfáàsì ló rà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 fi ẹ̀tọ́ àtiṣe ẹ̀dà sọ́wọ́ ẹni tó ya àwòrán, àfi tó bá fi ìwé gbé e fún ẹlòmíràn. Mo ń kọ ìyẹn sínú rìsíìtì báyìí.

Lóṣù tó kọjá, ọkùnrin kan pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní òun ra iṣẹ́ mi lọ́wọ́ ẹnì kan, òun sì fẹ́ ìwé ẹ̀rí pé èmi ni mo ṣe é.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yí i padà, kí ẹ ka nọ́mbà tó wà létí aṣọ, nísàlẹ̀, lápá òsì."

Mo gbọ́ bó ti ń gbé e sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. "Nọ́mbà 31, Màdáàmù."

Mo ṣí ìwé. Ọdún 2021, òwú aláró. Ó wà ní gálárì, a kò tíì tà á. Ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

"Màdáàmù, ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò sí o, sà. Ta ni ẹ ní ó tà á fún yín?"