Ta ló ń bomi rin tẹ̀tẹ̀?

Láàárọ̀ yìí, mo gbé fóònù sókè kí Màámi lè rí ẹ̀yìnkùlé mi lórí WhatsApp. Láti oṣù kẹta ni mo ti ń dúró de ọjọ́ yẹn. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló ń bomi rin tẹ̀tẹ̀?" Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Òótọ́ ni wọ́n sọ o. N'Íbàdàn, lórí ààtàn ẹ̀yìn ilé wa, tẹ̀tẹ̀ ò bẹ ẹnikẹ́ni. Òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀, á hù, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, á tún hù. Ní London ńbí, inú ike yógọ́ọ̀tì lójú fèrèsé ni mo ti kọ́kọ́ gbìn ín, torí òtútù òru. Ìparí oṣù karùn-ún ni mo tó gbé e síta, mo sì tún ń fi ọ̀rá bò ó lálẹ́ bí ọmọ tuntun. Ewédú náà ńkọ́? Mo di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, mo rì í bọ omi gbígbóná, mo ka ẹní, èjì, dé mẹ́wàá, mo yọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Ó hù. Ó ga tó ìka mi, ó wá dúró síbẹ̀, ó ń wojú oòrùn.

Inú ò bí mi. Ó bí mi díẹ̀.

Mo lọ síbi iṣẹ́, mo bọ̀.

Kí n tó dé, ìgbín ti jẹ mẹ́ta nínú tẹ̀tẹ̀ mẹ́rìnlá. Èyí tí ò ní ìkarahun ni mò ń wí, tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Mo ti fọ́n èèpo ẹyin yí tẹ̀tẹ̀ ká tẹ́lẹ̀, wọ́n gun orí ẹ̀ kọjá. Iyọ̀ á pa wọ́n, á sì ba ilẹ̀ jẹ́. Bàbá òyìnbó tó múlé tì mí ló ní kí n ri ife bíà mọ́lẹ̀. Ìgbín méje ló mutí kú sínú ẹ̀ lóru àná! Mi ò jẹ́ sọ fún Màámi. Ẹni tó ń bomi rin tẹ̀tẹ̀, tó tún ń ra bíà fún ìgbín…

Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Kò tilẹ̀ sí àwùjọ kankan níbí, ó sì ti fẹ́ tẹ́.

Ohun kan wà tí mo fò lókè. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, Màámi rọ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ò ń rí oúnjẹ jẹ lọ́hùn-ún ṣá?" Mo ní mò ń jẹun dáadáa. Bóyá torí ìyẹn ni… mi ò mọ̀.

Aago mẹ́wàá alẹ́ ku díẹ̀, ojú ọ̀run ò tíì ṣú tán. Mo ti fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n. Mọ́kànlá náà ṣì dúró. Mo tún bomi rin wọ́n.