Ẹ má lé Àbókí oníkóńdẹ́mù kúrò ládùúgbò yín

Inú mi ò tíì rọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá le níbì kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí odò ní Ìbàdàn níbí, tí ẹ ti gbìyànjú láti kó ike àti ọ̀rá jọ ládùúgbò yín, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mo ń bá wí jù. Lọ́jọ́ kan, nínú ìpàdé onílé àti ayálégbé yín, ẹnì kan á dìde, á ní kí wọ́n lé àwọn oníkóńdẹ́mù, àwọn tó ń ti ọmọlanke ra ike àti àlòkù kiri, kúrò ládùúgbò, gbogbo ilé á sì pàtẹ́wọ́. Ẹ má bá wọn pa á.

Aránṣọ ni mí. Aránṣọ kì í dédé da nǹkan nù. Àjákù ańkárá tó bá fẹ̀ díẹ̀ á di báàgì tàbí fìlà ọmọdé, èyí tó kéré á wọ inú tìmùtìmù. Èyí tó bá jẹ́ òwú gidi, àwọn mẹkáníìkì á wá rà á lápò-lápò, wọ́n á fi máa nu ọwọ́ àti ẹ́ńjìnnì. Léèsì àti sílíìkì ni wọn kì í gbà, torí kì í fa epo. Nítorí náà, nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò wa ní ká wá nǹkan ṣe sí ìdọ̀tí tó ń kún gọ́tà, èmi ni wọ́n kọjú sí. Mi ò wá ipò o. Wọ́n ní kí n bá wọn ṣe é ni.

Omi ló ń bà wá lẹ́rù. Ta ni ọmọ Ìbàdàn tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé omíyalé fún? Odò Ògùnpa ya ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, omi tún ya ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ẹ̀mí tó lé ní 100 ló sì lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Òjò ló rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ohun tó ń dí abẹ́ afárá. Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, a máa ń fi ṣọ́bìrì kó pàǹtírí inú gọ́tà síta, a ó kó o jọ sétí gọ́tà kan náà, òjò á sì gbá a padà sínú ẹ̀. Àwa obìnrin wá ní, ṣé a ò lè mú ike àti ọ̀rá kí ó tó dé gọ́tà rárá?

Ó sì ṣeé ṣe. Ìyá ẹlẹ́kọ padà sí ewé. Olóúnjẹ tó ń ta ìrẹsì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní kí oníbàárà máa gbé abọ́ tiẹ̀ wá, ó sì ń fi ṣíbí kan lé e fún ẹni tó bá gbé e. Èèpo iṣu àti èèpo gbágùúdá di ti àwọn tó ń sin ewúrẹ́. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà, a ń fọ̀ ọ́, a ń sá a sórí okùn bí aṣọ ọmọ tuntun. Mo kó àpò ìrẹsì tó ti ṣófo, mo rán etí ẹ̀ kó má baà ya, mo sì fi òwú pupa kọ nọ́ńbà ilé kọ̀ọ̀kan sí i lára. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àpò tiẹ̀.

Àbókí ló ń rà á. Á ti ọmọlanke rẹ̀ wọlé, á máa ké "Kóńdẹ́mù! Kóńdẹ́mù!", á fi òṣùwọ̀n ìkọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ wọn àpò níwájú ilé, á san owó lójú ẹsẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó náà ò tó nǹkan. Ìyá Ìbejì ní owó ata ni. Ṣùgbọ́n ẹrù kì í sùn lọ́dọ̀ wa.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan wá sípàdé, ó ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ló rán òun. Ó ní owó tí Àbókí ń san, ìrẹ́jẹ ni. Ọkọ̀ akẹ́rù wọn á máa wá lọ́sẹ̀ méjì-méjì, owó wọn á ju ti Àbókí lọ, wọ́n á sì fún ẹgbẹ́ ní ìwé ẹ̀rí. Inú Alága dùn gan-an. Àwọn onílé ní ó kúkú dáa, torí àwọn ọmọ oníkóńdẹ́mù yẹn, olè ni wọ́n, ìkòkò ò ṣeé sá síta mọ́. Mi ò sọ pé kò sí olè nínú wọn o. Ìkòkò tèmi náà ti lọ rí, àmọ́ mi ò mọ ẹni tó gbé e, ẹ̀yin náà ò sì mọ̀ ọ́n. Mo dìde, mo ní kí ọkọ̀ kọ́kọ́ wá ná, kó wá dáadáa, ká tó lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ etí ikún sí mi. Ó wà nínú ìwé ìpàdé, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lọ wò ó. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, wọ́n ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára géètì pé oníkóńdẹ́mù kò gbọdọ̀ wọlé.

Ọkọ̀ náà wá lóòótọ́. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n san owó, wọ́n kó díẹ̀ lọ. Látìgbà náà, ó di "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀". Dísẹ́ẹ̀lì ti gbówó lórí. Dírébà ò sí nílé. Nígbà tó yá, fóònù ò lọ mọ́.

Ohun tó fà á, èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Afẹ́fẹ́ ló kún inú ìgò ike òfìfo. Ẹ lè kó o kún ọkọ̀ dé òkè, kí ìwọ̀n rẹ̀ má tó owó epo tí ọkọ̀ jó wá. Nítorí náà, ọkọ̀ ńlá ò lè tìtorí àdúgbò kan ṣoṣo wá. Ó ń dúró kí ẹrù àdúgbò púpọ̀ pé lẹ́ẹ̀kan. Àbókí ò jó epo. Yáàdì tí wọ́n ti ń tẹ ike pa, tí wọ́n ti ń dì í, ló ń ti tiẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti máa ń wá gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí nígbà tí ẹni tó wọ súùtì bá dé ìpàdé yín.

Ẹrù wá ń pọ̀. A kó o sórí ilẹ̀ òfìfo kan nítòsí afárá, ẹni tó ń bá onílẹ̀ mójú tó o ló gbà wá láyè, ẹnu ló fi gbà wá. Àpò lórí àpò. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n já yanrìn àti búlọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀ náà, àwọn lébírà sì ti gbogbo àpò wa sí bèbè gọ́tà. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, mò ń gé aṣọ ẹbí, mi ò gbọ́, mi ò rí i.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lálẹ́. Ìró rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀ pé kì í ṣe òjò lásán, torí gọ́tà ò dún. Gọ́tà wa máa ń hó bí òjò bá rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ìta láti ojú fèrèsé, ike ló bo ojú omi bí òṣíbàtà. Àwọn àpò ti ya. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà tí a fọwọ́ ara wa fọ̀, tí a sá gbẹ, ti lẹ̀ mọ́ irin ojú afárá pẹ́-pẹ́-pẹ́, ó di ògiri. Omi ò rí ọ̀nà lọ, ó yí padà sọ́dọ̀ wa. A gbé orí máṣíìnì mi sórí àga, a gbé aṣọ oníbàárà lé orí bẹ́ẹ̀dì, àwọn ọmọ dúró sórí tábìlì. Ó di bó ò lọ, yà fún mi. Nílé kejì, mò ń gbọ́ tí Ìyá Ìbejì ń ké pé "Fíríjì mi! Gàrí mi!", omi sì wà láàárín wa, mi ò lè kọjá.

Ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀mí ò lọ, a dúpẹ́. Fíríjì Ìyá Ìbejì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gàrí rẹ̀ ti wú, ó ti ń kan. Àwọn ọkùnrin ń fi irin wa ìdọ̀tí lábẹ́ afárá, gbogbo àpò tí wọ́n bá fà jáde, òwú pupa mi ló wà lára ẹ̀. Òwú yẹn ò ṣá rárá, ó kàn ń tàn yanran nínú ẹrẹ̀ ni. Alága dúró lókè, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín." Lójú gbogbo èèyàn. Alága tó kọ ọ̀dà sára géètì! Ọmọkùnrin kan tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ kí mi gbé ọ̀kan nínú àpò náà, ó sọ ọ́ lu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, omi ẹrẹ̀ ta sára aṣọ ẹbí tí mo ti gé. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọdé ti ń pè mí ní Ìyá Onídọ̀tí. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo kí Ìyá Ìbejì, mo ní "Ẹ kú àdánù o, Ọlọ́run á fi òfò ra ẹ̀mí", kò dá mi lóhùn. Òun ló kọ́kọ́ fọ ọ̀rá láàárín gbogbo wa.

Bó ṣe parí kò gùn. Mo wá Àbókí lọ sí yáàdì wọn, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ wá, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lọ. Wọ́n yọ owó púpọ̀ kúrò nítorí ẹrẹ̀, ohun tó kù, a fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì. Àbókí ti padà sí ọ̀nà rẹ̀ ládùúgbò wa báyìí, géètì wà ní ṣíṣí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí, ẹ má bi mí nípa ètò rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni Àbókí. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn wá, tó ń rà á lọ́wọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ dì í mú, kódà bí owó rẹ̀ bá kéré. Ẹni tó ṣèlérí owó ńlá, ẹ jẹ́ kó wá fún ìgbà pípẹ́ kí ẹ tó fi ẹrù dúró dè é. Kò kúkú pọn dandan kí àwọn méjèèjì bá ara wọn jà. Ní Èkó, Wecyclers, ilé iṣẹ́ tó ń gba ike lójúlé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gùn dé ojúlé, wọ́n á wọn ike níwájú onílé, wọ́n á kọ ojúàmì tó lè fi gba ẹ̀bùn fún un. Wọn ò ní kí onílé máa kó o pamọ́ títí ọkọ̀ á fi dé.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí ẹrù sùn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bí ẹ bá ní Àbókí, ẹrù ò ní sùn. Bí ẹ bá lé e, á sùn, òjò á sì wá bá a. Ilẹ̀ tí ẹ ó bá kó o sí, kódà fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kó jìnnà sí odò. Àwọn kan sọ pé mi ò bá máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ta ló fẹ́ bá mi ránṣọ tí mo gba owó rẹ̀?

Ẹ máa ya ẹrù sọ́tọ̀ nílé, torí èyí tó dà pọ̀, owó èyí tí kò dáa jù ni wọ́n á fi rà á. Ìgò tó mọ́ gaara lowó lórí ju aláwọ̀ ewé lọ, nítorí pé wọ́n lè pa á láró bó bá ṣe wù wọ́n. Ẹ yọ ọmọrí sọ́tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń jiyàn pé ike kan náà ni, ẹ gé díẹ̀ lára ìgò àti díẹ̀ lára ọmọrí, ẹ sọ wọ́n sínú omi: ti ìgò á rì, ti ọmọrí á léfòó. Ọ̀rá gbọ́dọ̀ gbẹ, torí omi àti yanrìn ń mú un wúwo, Àbókí sì mọ̀ ọ́n. Tákéàwè funfun tó fúyẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ń rà á lọ́dọ̀ wa. Ìjọba Èkó kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Àwa tí a ò sí l'Ékòó, abọ́ àti ewé ni ká máa gbé lọ ra oúnjẹ. Pàǹtírí ọjà tó ń jẹrà, ìyẹn yàtọ̀, ajílẹ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe bí wọ́n ti ṣe é rí ní ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter ní Bódìjà, ẹ má kó o mọ́ ike.

Ẹ ra òṣùwọ̀n tiyín. Tiwa àti ti Àbókí ò bára mu níbẹ̀rẹ̀, ariyanjiyan ṣẹlẹ̀. A wá gbé àpò iyọ̀ tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára kọ́ sórí méjèèjì lójú gbogbo ilé. Ti Àbókí ló péye. Alága ò tíì sọ ohunkóhun nípa ìyẹn.

Iye tí wọ́n ń ra kílò kan, mi ò ní kọ ọ́ síbí, á ti yí padà kí ẹ tó kà á. Ẹ bi ẹni tó ń ti ọmọlanke kọjá níwájú ilé yín, kí ẹ sì bi èkejì kí ẹ tó tà.